Kí ni ẹdun? Bí a ṣe lè fi ọ̀bọ ajewé kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Okun

Ní ilẹ̀ Okun, láti Yàgbà títí dé Bùnú, ó ṣòro kí èèyàn wọ kíláàsì ọmọ ogójì kó má bá Táyé tàbí Kẹ́yìndé níbẹ̀. Ní Sátidé tí mo kọ́kọ́ dán ẹ̀kọ́ yìí wò ní Kàbbà, méjì ni mo bá: Táyé kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àti Kẹ́yìndé ilé mìíràn tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá bi í. Mo ní kí wọ́n ki ara wọn. Àwọn méjèèjì mọ "ẹdúnjọbí", wọ́n mọ "ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi". Mo wá kọjú sí gbogbo kíláàsì, mo ní, kí ni ẹdun? Ẹnì kan ní ẹyẹ ni. Ẹnì kan ní òkúta tí àrá ń sọ sílẹ̀ ni. Táyé fúnra rẹ̀ dìde, ó ní, "Àǹtí, orúkọ àwa ìbejì ni."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹdun ni irú ọ̀bọ tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní colobus. Èyí tí àwọn baba wa mọ̀ nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà dúdú lára, irun funfun yí ojú rẹ̀ ká, itan rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ gígùn náà funfun báláú. Láti Côte d'Ivoire dé ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ti di ọ̀wọ́n kọjá ohun tí ẹnu ń sọ. Ó ní ìbátan pupa kan tí kò sí níbòmíràn láyé àfi nínú igbó irà ilẹ̀ Niger Delta, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Àwọn Ìjọ ń pè é ní epieni. Epieni ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ dunjú, nítorí omi tó ń kọjá ní Lọ́kọ́jà ló ń lọ bá a nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ Okun kò lè ti ibi epieni bẹ̀rẹ̀. Ẹdun ló máa mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ọmọ ọdún 7 sí 12 ni ẹ̀kọ́ yìí bá mu jù. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, wákàtí kan àbọ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rọ́ ọ pọ̀ sí ọjọ́ kan, ẹ̀kọ́ nípa ikùn ni ẹ máa sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ikùn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wá àkísà tí ẹ lè fà ya wẹ́wẹ́, ẹ̀pà ṣíṣá, ìgò omi oníke méjì, bàlúùnù méjì, ẹmu tuntun tó kún ife kan, ṣàkì tútù lọ́wọ́ alápatà, èédú, ilẹ̀ pupa, eérú àti ẹní mẹ́fà. Ẹ wá àwòrán ẹdun àti ti epieni lórí fóònù. Bí kò bá sí dátà, ẹ yà á fúnra yín. Èmi ò mọ nǹkan-án yà. Ẹdun tí mo yà sí pátákó dà bí ewúrẹ́ tó wọ agbádá. Àwọn ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ohun kan tí mo ń bẹ̀ yín: ẹ má fi ikú ẹranko náà bẹ̀rẹ̀. Tíṣà á wọlé, á ní, "Lónìí, a máa sọ̀rọ̀ nípa ẹranko tó ń parẹ́." Ẹni tí ọmọ kò mọ̀ rí, báwo ló ṣe fẹ́ dárò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n mọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìparun á wá lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jẹ́ kí ìbejì ṣáájú

Ẹ ní kí àwọn ìbejì inú kíláàsì ki oríkì wọn. Bí kò bá sí ìbejì (n kò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀), ẹ pe Ìdòwú. Ó gbọ́dọ̀ mọ oríkì àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wáyé. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo bi àwọn tèmi, kí ẹ sì kọ gbogbo èsì sí pátákó, àti èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ẹdun, ẹdùn, ẹ̀dùn. Àkọ́kọ́ ni ẹranko, ìkejì ni ti àrá, ìkẹta ni èyí tó máa ń bá ọkàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é lákọtúnkọ títí tí etí wọn á fi yà á. Ọmọ tó ní òkúta àrá ni ẹdun kò yà gọ̀. Ohùn ló ṣì í lọ́nà, ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ilé ọjọ́ náà: kí oníkálukú bi àgbà ilé rẹ̀ ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ìbejì kì í jẹ ẹran ẹdun.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀bọ oko

Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀bọ tí wọ́n mọ̀ ni olè àgbàdo, èyí tí wọ́n ń fi kànnàkànnà lé lóko lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ má bá wọn jiyàn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ kàn fi hàn wọ́n pé olè yìí àti ẹdun kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀pà márùn-ún. Kí wọ́n jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sáré, kí ẹ̀pà má bàa há ọmọ lọ́fun. Kí wọ́n kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láì jẹ ẹ́, kí wọ́n wá gbìyànjú láti pe orúkọ ara wọn. Ẹ ó rí ẹ̀rín. Ọ̀bọ oko àti ìjímèrè ní àpò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n á já àgbàdo, wọ́n á kó o sẹ́nu, ó di orí igi tó jìnnà kí wọ́n tó rún un. Ẹdun kò ní àpò náà. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Oúnjẹ rẹ̀ yí i ká lórí igi, kò sí ẹni tó ń lé e. Ewé ló ń jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ so àtàǹpàkò wọn

Orúkọ náà, colobus, inú èdè Gíríìkì ló ti wá. Ó túmọ̀ sí ẹni tí a gé nǹkan kúrò lára rẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹdun kò ní àtàǹpàkò tó láárí. Kùkùté kékeré kan ló wà níbẹ̀.

Ẹ fi àkísà so àtàǹpàkò ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kó má le jù. Ẹ ní kí wọ́n de bọ́tìnnì, kí wọ́n bó súìtì, kí wọ́n ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Wọ́n á máa ráhùn. Ẹ wá kó wọn jáde síbi òpó góòlù tàbí ẹ̀ka igi tó lágbára, kí wọ́n rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ so náà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n á kígbe pé àwọn kò mọ àìsí àtàǹpàkò náà lára. Ìka mẹ́rin gígùn tó ká bí ìkọ́ ti tó ẹni tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹ má ṣàlàyé kankan kí wọ́n tó rí i fúnra wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ikùn

Ẹ tẹ́ ṣàkì náà sórí ọ̀rá. Ẹ ti ní kí alápatà má fọ̀ ọ́ mọ́ jù, kí wọ́n lè rí bó ṣe ṣe jáwujàwu nínú. Àwọn kan á fọwọ́ bo imú, àwọn kan á béèrè bóyá ẹ máa sè é. Ẹ bi wọ́n pé: ewúrẹ́ ń jẹ ewé àti koríko, ó ń sanra. Bí a bá fún yín ní ewé máńgòrò nìkan fún oṣù kan, ṣé ẹ máa sanra?

Wọ́n á ní rárá. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó. Òkodoro rẹ̀ ni pé ewúrẹ́ gan-an kò lè da okùn inú ewé. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò rí, tí wọ́n kún inú ṣàkì yẹn bámúbámú, ni wọ́n ń bá a dà á. Ewúrẹ́ ń bọ́ wọn, wọ́n ń bọ́ ewúrẹ́.

Bí ojú wọn bá ṣì ṣú, ẹ mú ọ̀rọ̀ fùfú wá. Ọmọ wo ni kò mọ̀ ọ́n ní ilé wa? A rẹ ẹ̀gẹ́ líle sínú omi, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kọjá, ó rọ̀, ó kan, ó ń hó. Iná kọ́ ló rọ̀ ọ́. Ta ló rọ̀ ọ́? Àwọn aláìfojúrí kan náà ni. Ìkòkò fùfú tó ń rìn lórí igi ni ẹdun. Mo sọ gbólóhùn yìí lọ́jọ́ náà láì rò ó tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n gbé délé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú rí i. Ẹ bu omi sí ìgò kan, ẹ bu ẹmu tuntun sí èkejì dé ìdajì, ẹ fi bàlúùnù bo ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan kó mọ́ ọn pinpin. Ẹ gbé wọn sí igun kan, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Kí ẹ tó parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, bàlúùnù orí ẹmu á ti dìde dúró, ti orí omi á sùn sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí àwọn aláìfojúrí ń mí síta nìyẹn. (Ẹ gbé ìgò náà síbi tí ọwọ́ wọn kò tó. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo kẹ̀yìn sí i díẹ̀, nígbà tí mo máa yíjú padà, ẹmu mi ti fà sẹ́yìn.)

Ikùn ẹdun tóbi, ó pín sí yàrá yàrá bíi ti màlúù. Ewé á kọ́kọ́ kan níbẹ̀ kó tó lọ síwájú. Ìyàtọ̀ kan wà: ewúrẹ́ máa ń pọ oúnjẹ padà sẹ́nu láti tún un rún, ẹdun kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ wọn jù nìyí. Ẹ bi wọ́n ní oúnjẹ ọ̀bọ. Gbogbo wọn á pariwo pé ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe rí i nínú kàtúùnù nìyẹn. Ẹ wá bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí ewúrẹ́ tó já wọ ibi tí wọ́n sá àgbàdo sí, tó jẹ ẹ́ yó, tí ikùn rẹ̀ wú bí ìlù, tó sì kú. Ọ̀pọ̀ wọn ti rí i. Ohun aládùn máa ń kan kíákíá jù nínú irú ikùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà èso tí kò tíì pọ́n àti kóró inú èso ni ẹdun ń wá, ìdẹra ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n lè di jàǹbá fún un. Ọ̀bọ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè ṣe léṣe! Ọmọ kan ní irọ́ ni mò ń pa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ewé

Ẹ kó wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan já ewé méjì: ọ̀dọ́ ewé rírọ̀ tó ṣì pọ́n, àti ewé ògbó. Kí wọ́n fún un, kí wọ́n fà á ya. Ọ̀dọ́ ewé á já wẹ́rẹ́, ògbó á mú okùn jáde. Èwo ni wọ́n máa jẹ bí wọ́n bá jẹ́ ẹdun? Wọn kò ní ṣì í. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ ewúro wọlé: kí ló dé tí ìyá fi ń fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀? Igi pẹ̀lú kò fẹ́ kí wọ́n jẹ òun, oró tí ewé ń mú jáde ni ohun ìjà rẹ̀. Ẹdun ní láti mọ ewé tí yóò já àti àkókò tí yóò já a. Ẹ kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ewé tí kò mọ̀ wò.

Nítorí pé agbára tó wà nínú ewé kò pọ̀, ẹdun ń sinmi ní ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ẹ ní kí gbogbo wọn di ẹdun fún ogún ìṣẹ́jú: kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fara ti ara wọn, kí wọ́n dijú. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Ogún ìṣẹ́jú yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ẹ̀kọ́ tó kù lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi eérú ya odò

Ọjọ́ kejì nìyí. Lórí ilẹ̀ ìta, ẹ fi eérú ya Odò Ọya láti ìhà àríwá, Benue láti ìlà-oòrùn, kí wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́jà. Ẹ fi òkúta sí ibi tí Kàbbà wà, ẹ ya àwọn ìṣàn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọ̀wọ́rọ̀ wọnú odò. Ẹ fà á lọ sísàlẹ̀, kọjá Ìdàh, kọjá Onitsha, títí tó fi là sí ọ̀nà méjì tí à ń pè ní Nun àti Forcados, tó wá ya ẹ̀ka yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun. Láàrin àwọn ẹ̀ka yẹn ni epieni ń gbé.

Ẹ bi wọ́n ní ti ọdún 2022. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí pé ọ̀nà Àbújá dí ní Lọ́kọ́jà, omi bo ilé, ọkọ̀ kò lè kọjá. Ní ọdún yẹn kan náà, omi gba Bayelsa. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 2012 pẹ̀lú. Omi tó dá bàbá yín dúró lójú ọ̀nà ló lọ kún igbó irà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí, Kẹ́yìndé tí kì í sọ̀rọ̀ dìde lọ sí ibi òpin eérú, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ọ̀ọ́kán ibi tí mo fi òkúta Kàbbà sí.

Ìgbà yìí ni kí ẹ fi epieni hàn wọ́n. Ẹ pín páálí fún wọn kí wọ́n yà á: èédú fún ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣú, ilẹ̀ pupa fún ẹ̀gbẹ́ àti apá, eérú fún abẹ́ ikùn tó funfun. Ní 1993 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀, ní 1999 ni wọ́n fún un lórúkọ epieni nínú ìwé. Piliocolobus epieni ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kíyè sí i pé orúkọ tí àwọn ọdẹ Ìjọ ń pè é ni àwọn onímọ̀ náà gbà lò. Àwọn ọdẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: abura àti ẹní mẹ́fà

Igi kan wà tí àwọn onígẹdú káàkiri ayé mọ̀ ní orúkọ tí Yorùbá ń pè é: abura. Ibi omi ló fẹ́ràn. Ewé rẹ̀ wà lára oúnjẹ tí epieni gbára lé jù, pákó rẹ̀ sì wà lára èyí tí àwọn onígẹdú ń wá jù nínú igbó irà náà. Wọ́n ń gbẹ́ ipa omi wọ inú igbó kí gẹdú lè léfòó jáde. Omi ibẹ̀ wá ń yí padà, ọ̀nà sì là fún ọdẹ.

Ẹ tẹ́ ẹní mẹ́fà, igi ni wọ́n. Àwọn ọmọ ni epieni. Ẹsẹ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ọmọ kan ni onígẹdú: bí ẹ bá pàtẹ́wọ́, á ká ẹní kan. Ó di ẹní méjì, wọ́n á máa ti ara wọn ṣubú. Ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ onígẹdú di ìkà. Ẹ bi í pé kí ló ń fi owó igi ṣe. Tèmi dáhùn kíá pé, "Mo fẹ́ san owó iléèwé ọmọ mi." Kíláàsì dákẹ́. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan lé e.

Ẹ wá sọ ti àwọn méjì fún wọn. Ìbátan epieni kan wà ní Gánà àti Côte d'Ivoire, Miss Waldron ni wọ́n fi sọ ọ́. Láti 1978 kò sí onímọ̀ kan tó tún fojú kàn án láàyè nínú igbó. Ní Gánà kan náà, abúlé méjì wà tí wọ́n ń jẹ́ Boabeng àti Fiema. Èèwọ̀ ni ọ̀bọ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú èèwọ̀ náà, ìlú fi òfin tì í lẹ́yìn ní 1975. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n ń sin ín. Irú ọ̀bọ wo ló wà níbẹ̀? Ẹdun onítan funfun, ẹdun inú oríkì gan-an, ló ń rìn kiri ẹ̀yìnkùlé wọn pẹ̀lú irú ọ̀bọ kan mìíràn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì gbọ́ èyí dáadáa.

Àwọn ìbéèrè tí yóò wá

"Ṣé ó dùn?" Ẹ má bínú. Ẹ ní àwọn tó jẹ ẹ́ ló mọ̀, kí ẹ sì kọjá.

"Bàbá mi pa ọ̀bọ lóko lánàá ńkọ́?" Ìbéèrè yìí ló le jù. Ẹ má dójú ti bàbá níwájú ọmọ. Mo máa ń béèrè pé irú èwo ni, kí ló ń jẹ, ṣé ó ní àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá jẹ́ olè àgbàdo, mo máa ń ní kó bi bàbá rẹ̀ bóyá ó ti rí èyí tó dúdú tí ìrù rẹ̀ funfun rí, àti ìgbà tó rí i kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ bàbá fẹ́ràn kí ọmọ bi wọ́n nírú ìyẹn.

"Ṣé mo lè sìn ín?" Rárá. Ẹ ní kí wọ́n rántí ikùn: ta ni yóò máa já oríṣiríṣi ọ̀dọ́ ewé fún un láràárọ̀?

"Ṣé ìbejì ló máa ń bí?" Táyé ló béèrè èyí, ojú rẹ̀ sì ń dán. Mo ní ọ̀kan ṣoṣo ló sábà ń bí. Ọmọ ẹdun onítan funfun á funfun látòkèdélẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bí i, àwọn abo yòókù nínú agbo á sì máa gbà á gbé. Inú rẹ̀ kò dùn sí ọ̀kan ṣoṣo yẹn rárá. Ó ní, "Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pè wá ní ẹdúnjọbí?" Mo ní kó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú èsì mẹ́ta wá láti ẹnu àgbà mẹ́ta, kò sí méjì tó bára mu, òun ni a sì fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà jà sí.